Forí Tì Í Dé Òpin: Kí Ni Jésù Ń Béèrè Lọ́wọ́ Wa Gan-an?

Ọ̀rọ̀ méjì wà nínú Bíbélì tó ti da ọkàn ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ láàmú. Ọ̀kan wà nínú Éfésù 2:8-9: oore-ọ̀fẹ́ la fi gbà wá là nípa ìgbàgbọ́, ẹ̀bùn Ọlọ́run ni, kì í ṣe nípa iṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣògo. Èkejì ti ẹnu Jésù fúnra rẹ̀ jáde nínú Mátíù 24:13: "Ẹni tí ó bá forí tì í títí dé òpin, òun náà ni a ó gbà là." Bó bá jẹ́ ẹ̀bùn, kí ni ti ìforítì? Bó bá sì jẹ́ pé ìforítì wa ló máa gbé wa débẹ̀, ẹ̀bùn wo la tún ń sọ?

Ibẹ̀ làwọn kan ti bọ́ sínú ẹ̀rù. Irọ́ kan, ìbínú kan, ọ̀sẹ̀ kan tí àdúrà ò wá sí wọn lẹ́nu, wọ́n á ní gbogbo rẹ̀ ti bà jẹ́, ó di dandan káwọn tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí oníwàásù bá ti pe ẹni tó fẹ́ gba Jésù, wọ́n á jáde, síbẹ̀ ọkàn wọn kì í balẹ̀. Àwọn mìíràn sì wà lódìkejì. Wọ́n gbàdúrà ìgbàlà lọ́jọ́ kan, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti parí, bó ṣe wù wọ́n ni wọ́n ń gbé ìgbé ayé wọn látìgbà náà, kò sì sẹ́ni tó lè bá wọn wí.

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí ò ju ẹyọ kan lọ. Ìforítì kì í ṣe pé èèyàn ò ṣubú rí. Ó jẹ́ pé èèyàn ò kúrò lọ́dọ̀ Kristi, bó bá sì ṣubú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ló ń padà sí, láìfi ìṣubú náà pamọ́. Nítorí náà, ìforítì àti òtítọ́ inú ò ṣeé yà sọ́tọ̀. Ohun tó ń pa ìgbàgbọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n dá. Bí wọ́n ṣe bò ó mọ́lẹ̀ ló ń pa á.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí Jésù ti sọ ọ̀rọ̀ náà. Orí Òkè Ólífì ló jókòó sí, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì ń bá sọ̀rọ̀. Ó ń sọ fún wọn nípa inúnibíni, nípa wòlíì èké, nípa bí àwọn èèyàn ṣe máa da ara wọn. Ẹsẹ kejìlá, tó ṣáájú gbólóhùn ìforítì yìí, lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò: nítorí pé ẹ̀ṣẹ̀ máa di púpọ̀, ìfẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ yóò di tútù. Ìfẹ́ ló mẹ́nu bà. Ìfẹ́ ni Jésù ń bẹ̀rù pé ó lè kú mọ́ wọn lára kí òpin tó dé, ìfẹ́ náà ló sì fẹ́ kí wọ́n dì mú. Kò sọ níbẹ̀ pé ẹni tí kò bá kọsẹ̀ rárá ni a ó gbà là.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà. Lóru tí wọ́n fẹ́ mú un, ó sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn kan náà pé gbogbo wọn ló máa kọsẹ̀ nítorí òun lóru ọjọ́ náà. Mátíù 26:31 nìyẹn. Ẹsẹ tó tẹ̀ lé e ló máa ń gbà mí lọ́kàn: ó ní lẹ́yìn tí òun bá jíǹde, òun máa ṣáájú wọn lọ sí Gálílì. Wọn ò tíì sá, ó ti dá ibi tí òun àti wọn yóò ti pàdé fún wọn. Àwọn tó ní kí wọ́n forí tì í dé òpin ni àwọn tó mọ̀ dájú pé wọ́n máa fi òun sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ti Pétérù tún hàn ju ti àwọn yòókù lọ. Jésù sọ fún un nínú Lúùkù 22 pé Sátánì ti béèrè láti kù wọ́n bí àlìkámà, ṣùgbọ́n òun ti gbàdúrà fún un kí ìgbàgbọ́ rẹ̀ má yẹ̀. Wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn náà, Pétérù sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta, ó tiẹ̀ ń búra. Ṣé àdúrà Jésù ò gbà ni? Ó gbà. Jésù kúkú ti fi kún un pé, nígbà tí o bá ti padà, kí o fún àwọn arákùnrin rẹ lókun. Ìgbàgbọ́ tí kò yẹ̀ ni ìgbàgbọ́ tó padà wá.

Júdásì náà kábàámọ̀, ẹ má jẹ́ ká gbàgbé. Mátíù 27 sọ pé ó dá ọgbọ̀n owó fàdákà náà padà, ó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ti ṣẹ̀, òun fi ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ hàn. Ìjẹ́wọ́ rẹ̀ pé pérépéré. Àmọ́ ọ̀dọ̀ àwọn olórí àlùfáà ló gbé e lọ, wọ́n sì dá a lóhùn pé, kí ló kàn wá níbẹ̀? Kò gbé e lọ sọ́dọ̀ Ẹni tó ṣẹ̀. Pétérù sunkún kíkorò, ó sì dúró láàárín àwọn ọmọ ẹ̀yìn. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì ò sí nínú bí ẹ̀ṣẹ̀ wọn ṣe tóbi tó.

Bí ìlérí àti ìkìlọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀

Ẹni tó bá ka Jòhánù 10:28 á rí i pé kò sí ẹni tó lè já àwọn àgùntàn Jésù gbà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá wá ṣí Hébérù orí kẹfà, á bá àwọn kan níbẹ̀ tí wọ́n ti tọ́ ẹ̀bùn ọ̀run wò, tí wọ́n sì ṣubú kúrò, tí ìwé náà ní kò ṣeé ṣe láti tún sọ di ọ̀tun sí ìrònúpìwàdà. Èwo ni ká gbà?

Àpẹẹrẹ tó yé mi jù lọ wà nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Pọ́ọ̀lù wà nínú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń gbé e lọ sí Róòmù gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́wọ̀n, ìjì sì bo ọkọ̀ náà títí tí wọ́n fi sọ ìrètí nù. Áńgẹ́lì kan dúró tì í lóru, ó sọ fún un pé Ọlọ́run ti fi gbogbo àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ jíǹkí rẹ̀. Pọ́ọ̀lù bá sọ fún wọn pé ẹ̀mí kankan ò ní ṣòfò, ọkọ̀ nìkan ló máa lọ sí i. Ìlérí nìyẹn, kò ní "bí" nínú. Nígbà tó yá, àwọn atukọ̀ fẹ́ dọ́gbọ́n sá. Wọ́n ń sọ ọkọ̀ kékeré kalẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ju ìdákọ̀ró sómi. Pọ́ọ̀lù wá sọ fún balógun ọ̀rún àtàwọn ọmọ ogun pé, bí àwọn wọ̀nyí ò bá dúró sínú ọkọ̀, ẹ̀yin ò lè là á já. Àwọn ọmọ ogun gé okùn ọkọ̀ kékeré náà, wọ́n jẹ́ kó bọ́ sómi. Gbogbo àwọn 276 tó wà nínú ọkọ̀ ló gúnlẹ̀ láàyè.

Ìkìlọ̀ yẹn ò ba ìlérí jẹ́. Ìkìlọ̀ gan-an ni Ọlọ́run fi mú ìlérí náà ṣẹ. Bí Pọ́ọ̀lù bá ti dákẹ́, tó ní ṣebí Ọlọ́run ti ṣèlérí, àwọn atukọ̀ ì bá ti lọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe yẹ ká máa ka àwọn ẹsẹ tó ń dẹ́rù bani nínú ìwé Hébérù. Kì í ṣe ìdájọ́ tó ti já sórí ẹni tó ń kà wọ́n. Ọwọ́ tí Ọlọ́run fi ń dá wa dúró lẹ́bàá ọ̀gbun ni wọ́n. Kódà kò ju ẹsẹ mẹ́ta lọ lẹ́yìn ìkìlọ̀ náà tí ẹni tó kọ ọ́ fi pe àwọn tó ń kọ̀wé sí ní olùfẹ́, tó ní ọkàn òun balẹ̀ pé ohun tó dára ju ìyẹn lọ ni ti wọn.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ka ibẹ̀ tán, á sì máa bi ara rẹ̀ pé, àbí èmi gan-an ni wọ́n ń bá wí, pé kò ṣeé ṣe fún mi mọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹni tí orí kẹfà yẹn ń sọ ni ẹni tó ti kẹ̀yìn sí Kristi, tó ń dójú tì í ní gbangba, tí kò sì wá a mọ́. Ẹni tó ń sunkún nítorí ó fẹ́ padà, Jòhánù 6:37 ni tirẹ̀: ẹni tó bá tọ̀ mí wá, èmi kì yóò ta á nù bí ó ti wù kí ó rí. Ìfẹ́ láti padà yẹn fúnra rẹ̀, ta ló rò pé ó fi í sínú òun?

Àwọn ìjọ ti jiyàn púpọ̀ lórí bóyá ẹni tí a gbà là lè ṣègbé. Ní 1610, àwọn ọmọlẹ́yìn Arminius, olùkọ́ ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run kan ní Netherlands, kọ ẹ̀kọ́ márùn-ún sílẹ̀. Nínú ìkarùn-ún, wọ́n ní kí a ṣì wádìí Ìwé Mímọ́ sí i lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àpérò àwọn ìjọ Alátùn-únṣe tó wáyé ní ìlú Dordrecht láti 1618 sí 1619 dáhùn pé Ọlọ́run máa ń pa àwọn tirẹ̀ mọ́, wọ́n lè ṣubú lọ́nà tó burú, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí wọ́n ṣubú pátápátá. John Wesley tó bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ Mẹ́tọ́díìsì kọ́ni pé onígbàgbọ́ tòótọ́ lè fi ìgbàgbọ́ sílẹ̀ kó sì ṣègbé. Ìgbìmọ̀ ìjọ Kátólíìkì tó jókòó ní Trent ti sọ ní 1547 pé ẹ̀bùn Ọlọ́run ni ìforítì dé òpin, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣèlérí rẹ̀ fún ara rẹ̀ bí ohun tó dájú pátápátá, ṣùgbọ́n kí gbogbo èèyàn gbé ìrètí tó dúró ṣinṣin lé ìrànlọ́wọ́ Ọlọ́run.

Mi ò ní yanjú àríyànjiyàn náà níbí. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ẹnì kan síwájú gbogbo wọn, ẹni tó ti fi Kristi sílẹ̀, tí ara sì tù ú bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Dordrecht á ní kò tíì ta gbòǹgbò rí. Wesley á ní ó ti kúrò níbi tó wà. Ẹ bi wọ́n pé kí ló yẹ kó ṣe báyìí, ohùn kan náà ni wọ́n máa fọ̀: kó ronú pìwà dà, kó wá sọ́dọ̀ Jésù. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó máa ní kó lọ sùn nítorí àdúrà tó gbà nígbà kan. Kò sì sí èyí tó gbà pé agbára èèyàn ló ń gbé èèyàn dé òpin. Fílípì 2:12-13 so méjèèjì pọ̀ nínú gbólóhùn kan: ẹ máa ṣiṣẹ́ ìgbàlà yín yọrí, nítorí Ọlọ́run ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú yín.

Ìwé ẹ̀rí tí àwọn Kristẹni rà

Ìgbà kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí kúrò ní ti àríyànjiyàn, tó di ọ̀ràn ikú òun ìyè. Ní ọdún 250, Decius, olú ọba Róòmù, pàṣẹ pé kí gbogbo èèyàn ilẹ̀ ọba rẹ̀ rúbọ sí àwọn òrìṣà níwájú àwọn ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn. Ẹni tó bá rú u á gba ìwé ẹ̀rí. Díẹ̀ nínú àwọn ìwé náà wà títí dòní, wọ́n rí wọn nínú ilẹ̀ Íjíbítì, wọ́n lé ní ogójì. Ohun kan náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú gbogbo wọn: mo ti ń rúbọ sí àwọn òrìṣà láti ọjọ́ yìí wá, ní báyìí náà, níṣojú yín, mo ti ta ohun mímu sílẹ̀, mo ti rúbọ, mo ti tọ́ ẹran ẹbọ wò, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fọwọ́ sí i.

Ní Carthage, ní àríwá Áfíríkà, Cyprian ni bíṣọ́ọ̀bù. Ó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìrora. Ó ní àwọn kan ò dúró kí wọ́n mú wọn, fúnra wọn ni wọ́n sáré lọ. Ilẹ̀ ti ń ṣú, àwọn aláṣẹ ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ kejì, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ káwọn rúbọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn mìíràn ò rúbọ rárá, owó ni wọ́n fún òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì ra ìwé ẹ̀rí náà. Ọkàn wọn sọ fún wọn pé àwọn ò ṣẹ̀: ọwọ́ wa ò kan ẹbọ, ẹnu wa ò kan ẹran. Cyprian ò gbà. Ó rò pé ẹni tó gba ìwé tó sọ pé òun ti sẹ́ Kristi ti fọwọ́ sí i.

Àwọn tó ra ìwé yìí máa ń jẹ́ kí n ronú nípa àwa náà, ní ọ̀nà òdìkejì. Wọ́n ra ìwé pé àwọn jẹ́ abọ̀rìṣà, nígbà tí wọ́n sọ pé Kristẹni làwọn nínú ọkàn. Ọ̀pọ̀ wa ló di ìwé ẹ̀rí mú pé Kristẹni la jẹ́: orúkọ wa wà nínú ìwé ìjọ, a mọ orin, a mọ ìgbà tí wọ́n ń ṣe àmín. Nílé ńkọ́, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò? Ohun tí ìwé sọ àti ohun tí a jẹ́ ò bára mu. Ìwé tí kò bá ẹni tó mú un mu ò gbani là, ì báà jẹ́ ti Decius tàbí ti ìjọ.

Inúnibíni náà rọlẹ̀, àwọn tó ṣubú bẹ̀rẹ̀ sí í padà, ọ̀pọ̀ wọn pẹ̀lú omijé. Kí ni ìjọ máa ṣe? Àwọn kan ní kí wọ́n wọlé kíákíá, láìsí ìbéèrè kankan. Ní Róòmù, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Novatian ní ó tì, ìjọ ò lágbára láti gba ẹni tó bá ti sẹ́ Olúwa padà láéláé. Ìjọ tó yà sọ́tọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ́ láyé. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù pàdé ní Carthage ní 251, wọn ò sì gba ti ọ̀dọ̀ èyíkéyìí. Wọ́n ní àwọn tó ra ìwé, kí a yẹ ọ̀ràn wọn wò níkọ̀ọ̀kan, kí a sì gbà wọ́n. Àwọn tó rúbọ, kí wọ́n wà nínú ìrònúpìwàdà, kí a sì gbà wọ́n bí wọ́n bá ń kú lọ. Nígbà tó yá, tí wọ́n tún gbọ́ pé inúnibíni mìíràn ń bọ̀, wọ́n gba gbogbo àwọn tó ti dúró nínú ìrònúpìwàdà, kí wọ́n lè rí okun gbà kí ìdánwò tó dé. Mo gbà pé ọgbọ́n Ọlọ́run ló wà nínú ìyẹn. Ẹni tó mọ̀ pé òun ṣubú, tó sọ ọ́, tó dúró, ni wọ́n fún ní oúnjẹ kó lè dúró lẹ́ẹ̀kejì.

Cyprian fúnra rẹ̀ ò kú ní 250. Ó sá pa mọ́, ibi tó wà ló ti ń kọ lẹ́tà sí ìjọ rẹ̀, àwọn kan sì fi ìyẹn sọ̀rọ̀ sí i. Àmọ́ nígbà tí olú ọba mìíràn, Valerian, tún dìde sí àwọn Kristẹni, kò sá mọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù September ọdún 258, wọ́n ka ìdájọ́ ikú lé e lórí, ó dáhùn pé, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run." Ó ní kí wọ́n fún ẹni tó fẹ́ bẹ́ òun lórí ní owó wúrà 25.

Àìlera yàtọ̀ sí àgàbàgebè

Mo ń gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé àwọn ò lè máa lọ sí ìjọ mọ́, torí àwọn ò fẹ́ jẹ́ alágàbàgebè. Ìwà àwọn ò tíì dára tó. Ọ̀rọ̀ yẹn dà bí òtítọ́ inú, àmọ́ ó ti dàrú. Alágàbàgebè kì í ṣe ẹni tí ìwà rẹ̀ ò tíì tó ohun tó gbà gbọ́. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ta ló máa yọ? Alágàbàgebè ni ẹni tó fẹ́ kí wọ́n máa wo òun bí ohun tí kò ní lọ́kàn láti jẹ́. Ọkùnrin tó bú ìyàwó rẹ̀ lówùúrọ̀, tó pè é lọ́sàn-án tó ní, "Mo ṣẹ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ò dáa, jọ̀wọ́ forí jì mí," aláìlera ni, ó sì ń forí tì í. Èyí tó bú u lówùúrọ̀, tó wá dúró níwájú ìjọ lálẹ́ tó ń kọ́ni ní ìfẹ́, tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ láé, òun ni kó bẹ̀rù.

Nínú Mátíù orí kẹfà, ohun mẹ́ta ni Jésù mú: ìtọrẹ àánú, àdúrà, ààwẹ̀. Ẹni tó ń ṣe wọ́n kí èèyàn lè rí i, Jésù ní ó ti gba èrè rẹ̀ tán. Kò ní kó má ṣe wọ́n mọ́. Ó ní kó ṣe wọ́n níbi tí Bàbá nìkan ti ń rí i. Ìdánwò tó rọrùn jù lọ tí mo mọ̀ fún òtítọ́ inú nìyẹn: àdúrà wo ni mò ń gbà tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́? Ta ni mo ràn lọ́wọ́ tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni?

Ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù àti Jákọ́bù ò tó ìjà bí wọ́n ṣe ń gbé e. Pọ́ọ̀lù ń dáhùn ẹni tó rò pé iṣẹ́ òun ló máa ra ìgbàlà. Jákọ́bù ń dáhùn ẹni tó rí arákùnrin tó wà ní ìhòòhò tí ebi sì ń pa, tó sọ fún un pé máa lọ ní àlàáfíà, kí ara rẹ móoru, kí o yó, tí kò sì fún un ní nǹkan kan. Éfésù 2:10, ẹsẹ tó tẹ̀ lé àwọn ẹsẹ oore-ọ̀fẹ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀, sọ pé a dá wa nínú Kristi Jésù fún iṣẹ́ rere. Iṣẹ́ rere tẹ̀ lé ìgbàlà, kò ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá tẹ̀ lé e rárá, ó yẹ ká béèrè ohun tó ń jẹ́ ìgbàlà náà.

Jésù pa àlọ́ ọkùnrin kan tó ní ọmọkùnrin méjì (Mátíù 21:28-31). Ó ní kí èkíní lọ ṣiṣẹ́ nínú ọgbà àjàrà, ọmọ náà ní òun ò lọ, àmọ́ ó yí ọkàn padà, ó lọ. Èkejì dáhùn pé, "Mo ń lọ, Olúwa mi," kò sì lọ. Ìdáhùn èkejì ló dùn ún gbọ́. Ìfẹ́ bàbá ni èkíní ṣe.

Nígbà tí ọkàn bá gbẹ

Àwọn kan ò dẹ́ṣẹ̀ ńlá, wọn ò sì fi nǹkan pamọ́. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni pé wọn ò ní ìmọ̀lára kankan mọ́. Wọ́n á kúnlẹ̀, àdúrà á dà bí ọ̀rọ̀ lásán. Wọ́n á ka Bíbélì, kò ní wọlé. Wọ́n á rántí bí iná ṣe ń jó nínú wọn nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Jésù, wọ́n á sì parí rẹ̀ sí pé àwọn ti fà sẹ́yìn.

Gbígbẹ ọkàn àti ìfàsẹ́yìn kì í ṣe ohun kan náà. Sáàmù 88 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igbe, òkùnkùn ló sì fi parí. Kò sí ìdáhùn kankan nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ó wà nínú Bíbélì, torí ẹni tó kọ ọ́ ṣì ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn náà. Nígbà tí Jòhánù Onítẹ̀bọmi wà lẹ́wọ̀n, ó rán àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ bi Jésù pé, ṣé ìwọ ni ẹni tó ń bọ̀, àbí ká máa retí ẹlòmíràn? Òun kan náà tó ti nawọ́ sí i ní gbangba pé Ọ̀dọ́ Àgùntàn Ọlọ́run nìyí! Jésù rán àwọn oníṣẹ́ náà padà pẹ̀lú ìròyìn ohun tí wọ́n ti rí tí wọ́n sì gbọ́. Bí wọ́n ṣe ń lọ, ó yíjú sí àwọn èèyàn, ó ní nínú gbogbo àwọn tí obìnrin bí, kò sí ẹni tó tóbi ju Jòhánù lọ. Lẹ́yìn ìbéèrè yẹn ló yìn ín, kì í ṣe ṣáájú rẹ̀.

Mother Teresa tí gbogbo ayé mọ̀ fún ìtọ́jú àwọn òtòṣì ní Kolkata kú ní 1997. Ní 2007, wọ́n tẹ àwọn lẹ́tà tó kọ sí àwọn olùdarí ẹ̀mí rẹ̀ jáde, ó sì ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu láti rí i pé ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wà nínú òkùnkùn, tó dà bíi pé Ọlọ́run ò sí lọ́dọ̀ òun. Ó ń jí, ó ń gbàdúrà, ó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń kú lọ. Kò dúró dìgbà tí ìmọ̀lára bá padà kó tó ṣe ohun tó mọ̀ pé Ọlọ́run rán òun. Kò sì parọ́ fún àwọn tó ń darí rẹ̀ pé ara òun dá.

Bàbá tó gbé ọmọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ Jésù nínú Máàkù orí kẹsàn-án ní, "Olúwa, mo gbàgbọ́, ran àìgbàgbọ́ mi lọ́wọ́." Jésù ò ní kó lọ wá ìgbàgbọ́ tó pé wá. Ó wo ọmọ náà sàn. Àdúrà yẹn tó fún ẹni tí kò rí òmíràn gbà.

Démásì àti Máàkù

Ìtàn àwọn ọkùnrin méjì yìí wà káàkiri nínú àwọn lẹ́tà Pọ́ọ̀lù àti ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, èèyàn á ní láti ṣà á jọ. Nínú lẹ́tà sí Fílémónì, Pọ́ọ̀lù ka Démásì mọ́ àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀. Nínú Kólósè 4:14, ó pe Lúùkù ní oníṣègùn olùfẹ́, ó sì kàn dárúkọ Démásì, kò sọ nǹkan kan mọ́ ọn. Nínú Tímótì Kejì 4:10, ó ní Démásì ti fi òun sílẹ̀ nítorí ó fẹ́ràn ayé ìsinsìnyí, ó ti lọ sí Tẹsalóníkà. Bíbélì ò sọ fún wa pé ó dá ẹ̀ṣẹ̀ kan tó burú jáì. Ìfẹ́ rẹ̀ ló yí sí ibòmíràn.

Máàkù ńkọ́? Òun ló kọ́kọ́ sá. Ní Pámfílíà, ó fi Pọ́ọ̀lù àti Bánábà sílẹ̀, ó padà sí Jerúsálẹ́mù. Pọ́ọ̀lù ò fẹ́ mú un lọ mọ́ nígbà tí wọ́n tún fẹ́ jáde. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé òun àti Bánábà pínyà. Bánábà ló mú Máàkù dání lọ sí Kípírọ́sì. Ẹ wá ṣí Tímótì Kejì 4:11, ẹsẹ tó wà lábẹ́ ti Démásì gẹ́lẹ́. Pọ́ọ̀lù wà lẹ́wọ̀n, ikú rẹ̀ ti sún mọ́lé, ó ní: mú Máàkù wá pẹ̀lú rẹ, nítorí ó wúlò fún mi fún iṣẹ́ ìránṣẹ́. Ẹni tó sá níbẹ̀rẹ̀ ló wà níbẹ̀ lópin. Láàárín méjèèjì, ẹnì kan ti gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀ nígbà tí Pọ́ọ̀lù ò gbà á.

Mi ò mọ ẹni tó forí tì í ní òun nìkan. Hébérù 3:13 ní ká máa gba ara wa níyànjú lójoojúmọ́, kí ẹ̀tàn ẹ̀ṣẹ̀ má baà sé ọkàn ẹnikẹ́ni le. Ó ní lójoojúmọ́, torí kì í ṣe ọjọ́ kan lọkàn ń le.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ti jìnnà, ẹ má wá ìmọ̀lára kẹ́ ẹ tó padà. Ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ wà gan-an fún Ọlọ́run, pẹ̀lú orúkọ tó yẹ kí ẹ̀ṣẹ̀ náà máa jẹ́. Bó bá jẹ́ olè, ẹ pè é ní olè. Ẹ wá onígbàgbọ́ kan tó mọ bí wọ́n ṣe ń pa àṣírí mọ́, kẹ́ ẹ jẹ́wọ́ fún un bí Jákọ́bù 5:16 ṣe ní ká máa ṣe, kó sì gbàdúrà fún yín. Owó ẹni tó bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ dá a padà, ì báà jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tẹ́ ẹ bà lórúkọ jẹ́, ẹ lọ bá a, kẹ́ ẹ sì lọ bá àwọn tẹ́ ẹ sọ ọ́ fún. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ohun kékeré kan tẹ́ ẹ mọ̀ dájú pé Jésù ń fẹ́, kẹ́ ẹ ṣe é lónìí, kẹ́ ẹ tún ṣe é lọ́la.

Àwa tá a wà nínú ìjọ náà ní iṣẹ́ láti ṣe. Gálátíà 6:1 ní ká fi ẹ̀mí tútù mú ẹni tó ṣubú bọ̀ sípò, ká sì máa ṣọ́ ara wa kí wọ́n má baà dán àwa náà wò. Ẹni tó padà wọlé lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kí a má bi í lẹ́nu ọ̀nà pé ibo ló wà látìgbà yìí. Ká fún un ní àyè jókòó, ká pe orúkọ rẹ̀, ká jẹ́ kó sọ tirẹ̀ nígbà tó bá ṣe tán. Bó bá sọ ọ́, kó má di ohun tí a óò gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bó bá sì ní ká gbàdúrà fún òun, ká gbà á níbẹ̀ yẹn kí gbogbo wa tó tú ká.